Ọmọ Tí A Kò Gbọ́ Ìkéde Rẹ̀

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó sọnù láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì lójú títí di òní. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo mú wá yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ ń retí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí rédíò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ mọ ìkéde yìí dáadáa: ọmọ kan sọnù o, ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún márùn-ún, ó dúdú, kò ga, ó ní ilà lójú tàbí kò ní, ṣòkòtò péńpé báyìí ló wọ̀ nígbà tó jáde nílé, orúkọ rẹ̀ ni lágbájá, ẹni tó bá rí i kó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ ọn jù. Kí rédíò tó dé, akéde ló ń fi agogo sọ ọ́ káàkiri ọjà. Gbogbo ohun tó wà nínú ìkéde náà, ẹnu ẹni tó rí ọmọ kó tó jáde nílé ló ti wá. Ẹnì kan wọ ṣòkòtò yẹn fún un. Ẹnì kan ló mọ bó ṣe ga tó, nítorí pé onítọ̀hún ti gbé ọwọ́ lé e lórí rí.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, a mọ ṣòkòtò tó wọ̀. A mọ oògùn ikọ́ tí wọ́n fún un mu. A mọ irú ilẹ̀ tí iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ tó jẹ ti hù. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 títí di òní, kò sí ìyá kan, bàbá kan, ẹ̀gbọ́n kan tàbí olùkọ́ kan tó jáde wá pé, "Ọmọ wa ni, a ń wá a," tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba òdìkejì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, Etan Patz, ọmọ ọdún 6, jáde nílé àwọn òbí rẹ̀ ní àdúgbò SoHo ní New York. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà fún un pé kó dá rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì iléèwé ti ń gbé wọn. Kò dé ibẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, àwòrán ọmọ náà pọ̀ nílé bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri jákèjádò ìlú. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí mílíìkì káàkiri Amẹ́ríkà, Ààrẹ Reagan sì sọ ọjọ́ tó sọnù di ọjọ́ àwọn ọmọ tó sọnù lọ́dún 1983. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóògbé lọ́dún 2001. Ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ọkùnrin kan lẹ́bi ikú rẹ̀ lọ́dún 2017. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì tún wọ́gi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 2025. Odindi ìlú ló ń wá Etan.

Lọ́dún 2001 kan náà tí ilé ẹjọ́ kéde ikú Etan, ọkùnrin kan ń gba orí afárá Tower Bridge kọjá ní London. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án. Ó rí nǹkan kan tó ń léfòó lórí omi Thames. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá orí omi máa fi gbé e, ó ti sún dé ìtòsí ilé eré Globe. Ara ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, kò sí orí, kò sí apá, kò sí ẹsẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn dókítà ṣírò pé ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 4 sí 7. Wọ́n ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà mọ ọ̀bẹ lò, ẹ̀jẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ọmọ náà mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá retí kí ẹnì kan wá fi tó wọn létí pé ọmọ òun sọnù. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí àwọn fúnra wọn fi sọ ọ́ ní Adam, nítorí pé wọn kò fẹ́ máa fi nọ́ńbà fáìlì pe ọmọ èèyàn. Ní ilẹ̀ tiwa, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ, ojú ẹbí la sì ti ń sọ ọ́. Ọlọ́pàá ló sọ eléyìí lórúkọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ gan-an wà níbì kan.

Ẹ jẹ́ kí n lo àkókò díẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé nínú gbogbo ìtàn yìí, àwọn nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn dé góńgó. Ṣòkòtò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àmì "Kids & Company" ló wà lára rẹ̀, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ilé ìtajà Woolworths ti orílẹ̀-èdè Jámánì ló sì ń tà á nígbà náà. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà, tàbí ẹni tó ń wọṣọ fún un, gba Jámánì kọjá. Wọ́n wo inú ìfun rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti irú igi tó ń hù ní agbègbè London, ìyẹn ni pé ó ti mí afẹ́fẹ́ ìlú náà sínú fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Wọ́n rí oògùn ikọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Oògùn ikọ́ yẹn ni mi ò tíì lè gbà kọjá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un kó lè sùn, kó má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti dé láti ibi tó móoru, kí òtútù oṣù Kẹsàn-án mú un, kó máa wúkọ́ lóru, kí ẹnì kan nínú ilé náà dìde, kó wá ṣíbí, kó bu oògùn, kó ní, "Ó yá, gbé e mì." Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà ní London tó gbọ́ ikọ́ ọmọ yìí tó sì ṣàánú rẹ̀. Onítọ̀hún kò tíì sọ̀rọ̀.

Nísàlẹ̀ ìfun, wọ́n bá nǹkan mìíràn. Amọ̀ wà níbẹ̀, àti ègé wúrà wínníwínní, àti èèpo èso kan tí wọ́n lọ̀ kúnná. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ní Kew Gardens ló mọ èso náà: ẹ̀wà Calabar ni, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ. Bó bá bì í, ó ti bọ́. Bó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Oró rẹ̀ lè mú kí gbogbo iṣan ara kú tipiri nígbà tí ojú ẹni ṣì ń ríran. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé wà ní ìjókòó yìí, ibi tí mo máa bá a dé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni egungun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye ní Yunifásítì Royal Holloway ló darí iṣẹ́ ọ̀hún. Bó ṣe rí nìyí: oríṣiríṣi àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, àpáta kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n strontium tirẹ̀. Láti inú àpáta, ó ń wọ inú iyẹ̀pẹ̀ àti omi. Láti inú iyẹ̀pẹ̀, ó ń wọ inú oúnjẹ. Láti inú oúnjẹ, ó ń wọ egungun ẹni tó jẹ ẹ́. Egungun Adam sọ pé orí àpáta àtayébáyé ló ti jẹun dàgbà, irú èyí tí kò sí nítòsí London. Wọ́n yẹ àwòrán ilẹ̀ ayé wò, wọ́n fi ọ̀rọ̀ mọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. DNA rẹ̀ náà fọwọ́ sí i. Will O'Reilly tó jẹ́ ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ray Fysh tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà nítorí egungun rẹ̀. Ẹ fojú inú wo òyìnbó méjì tó ń ná ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ran, tí ìyá ẹlẹ́ran ń ṣe kàyééfì ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àbájáde rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó bá egungun ọmọ náà mu wà láàárín Benin City sí Ìbàdàn.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Benin City, Ọ̀rẹ́, Oǹdó, Iléṣà, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ará níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ibẹ̀ wá síbí láàárọ̀ òní. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará London nìkan la wá gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa bí àwọn oníròyìn ilẹ̀ òyìnbó ṣe gbé e. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú wà ní South Africa. Wọ́n ní wọ́n fi ara ọmọ náà ṣe oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní muti níbẹ̀ ni, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, ó bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọmọ náà ní Áfíríkà pé kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwádìí yí sí ọ̀dọ̀ wa, ẹnu tún yí. Onímọ̀ kan tó ń gba ọlọ́pàá nímọ̀ràn wo àwọ̀ ṣòkòtò, ó wo omi, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n fi bọ. Èmi ò gbà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo ohun tí wọ́n ń bẹ Ọ̀ṣun fún. Ọmọ ni. Àwọn àgàn ló ń sunkún níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, àwọn tó sì ti rí ọmọ bí ń pọn án wá dúpẹ́. Ká wá sọ pé ṣòkòtò tí wọ́n rà ní Woolworths Jámánì jẹ́ aṣọ ẹbọ Ọ̀ṣun, ó gba àlàyé ju àwọ̀ lọ.

Èyí tó tún bani nínú jẹ́ jù ni ti aṣọ funfun. Wọ́n rí aṣọ funfun kan nínú odò Thames, àbẹ́là 7 tí wọ́n ti tàn dé ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ náà. Inú àwọn oníròyìn dùn. Wọ́n ti rí babaláwo tó pa ọmọ. Ọlọ́pàá tọpa orúkọ náà títí wọ́n fi dé New York. Ẹni tó ni orúkọ wà láàyè. Àwọn òbí rẹ̀ ní London ló lọ dúpẹ́ létí odò pé ọmọ àwọn kò sí lára àwọn tó kú nígbà tí wọ́n kọlu ilé gogoro méjèèjì ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lẹ́ẹ̀kan rí ì bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àbẹ́là méje jẹ́ ti ọpẹ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò wá síbí láti fọ ilé wa mọ́. Àwọn baba ńlá wa fi èèyàn bọ nǹkan rí, ìtàn kò fi bò. Lóde òní, kò sí ọdún tí a kì í ka ìròyìn oògùn owó nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n á bá orí ọmọdé nínú báàgì lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún tó ń wá owó ọkọ̀ olówó ńlá. Bó bá jẹ́ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló pa Adam, kò ní yà mí lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè "òrìṣà wo ni" ti gba àkókò tó pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, débi pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kò rí àyè: báwo ni ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ti ọ̀nà Benin sí Ìbàdàn dé London láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó dé?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí ọlọ́pàá ṣèèṣì rí nígbà tí wọ́n ń wá Adam. Wọ́n ní kí gbogbo àjọ ètò ẹ̀kọ́ ní London sọ iye ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, láti ọmọ ọdún 4 sí 7, tí kò wá sí iléèwé mọ́ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ọdún 2005 ni wọ́n tó sọ èsì rẹ̀ fáyé gbọ́. Ọmọ 300 ni. Méjì péré ni wọ́n tọpa wọn kàn. Èmi kò rò pé ohun burúkú ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù; ọ̀pọ̀ wọn á ti bá òbí kó lọ sí ìlú mìíràn, àwọn kan á ti padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà wà nínú pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan pé, "Eléyìí wà ní ibí, eléyìí wà lọ́hùn-ún." Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àǹtí ni àwọn kan wà. Àǹtí ti kó lọ.

Ẹ rántí Victoria Climbié. Ọmọ Ivory Coast ni. Àwọn òbí rẹ̀ fi í lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè kàwé nílẹ̀ òyìnbó. Ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ló fi wọlé, Anna ni wọ́n sì ń pè é ní London. Ó rí dókítà, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó rí ọlọ́pàá, ó rí pásítọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ó kú ní ọmọ ọdún 8, àpá 128 ló wà lára rẹ̀. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe jáde lọ́dún 2003, ó sì yí òfin ààbò ọmọdé padà ní Bìrìtìkó. Bó bá jẹ́ pé inú odò ni wọ́n ti rí Victoria, láìsí ojú, láìsí ìka ọwọ́, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Anna ni wọn ì bá máa wá, Anna gan-an sì wà nílé rẹ̀.

Ọmọ títọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun àjèjì sí wa, n kò sì ní bú u. Ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí tíṣà ni wọ́n ti kàwé. Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé ní London láti àwọn ọdún 1950 lọ sókè, wọ́n gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n polówó ọmọ wọn nínú ìwé ìròyìn Nursery World, ìyá òyìnbó ní Kent tàbí Essex á sì gbà á tọ́ fún owó ọ̀sẹ̀. Adewale Akinnuoye-Agbaje tó gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù, Farming, lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní abúlé, ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Iléṣà, gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé ó lọ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹnì kan á ti Iléṣà bọ̀, ìyá àgbà á bèèrè pé ọmọ dà. Bí èsì bá mẹ́hẹ, wọ́n á wọkọ̀ lọ wò ó. Bí ọmọ bá ti sọdá òkun, ìbéèrè ìyá àgbà kò lè bá a mọ́. Orí fóònù nìkan ni èsì ti ń wá, ẹnu ẹni tó kó ọmọ lọ náà ló sì ń sọ ọ́: dáadáa ló wà, ó ń lọ sí iléèwé, ó ti ń sọ gẹ̀ẹ́sì báyìí.

Òfin Bìrìtìkó ti ọdún 1989 ní kí ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi àwọn èèyàn yín ní Peckham ní London bóyá wọ́n ti gbọ́ òfin náà rí. Nílé, a ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 2003, ọdún yẹn náà la dá NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò ọmọ èèyàn. Mo gbóríyìn fún wọn, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ kò bá ti ní ìwé ọjọ́ ìbí, èwo la fẹ́ fi mọ̀ pé ó dín?

Mo ti ronú lórí ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi jáde. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí ló tà á. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kú. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù. Èrò tèmi, tí ẹ lè bá mi jiyàn lé lórí, ni pé ìyá kan wà tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ni. Kò ní ìdí láti wá a, nítorí wọ́n ti ní ó wà lókè òkun. Nígbà tí èsì bá dáwọ́ dúró, á rò pé ọmọ ti gbàgbé ilé, bí àwọn ọmọ òkè òkun ti ń ṣe. Ohun tó ń jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ta ọmọ kì í ra ṣòkòtò tuntun fún un.

Àwọn tí ọlọ́pàá mú nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan lójú ẹjọ́. Wọ́n kó èèyàn 21 ní London ní oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n sì rán ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún tó tẹ̀ lé e fún kíkó èèyàn wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ikú Adam kàn. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ti gbé ní Jámánì rí dárúkọ ọmọ náà lórí tẹlifíṣàn, fọ́tò jáde, gbogbo ayé rò pé ó ti parí. Ọmọ inú fọ́tò ọ̀hún wà láàyè. Obìnrin náà tún dárúkọ mìíràn. N kò ní tún orúkọ kankan pè níbí, nítorí pé orúkọ tí kò bá jẹ́ ti ọmọ yìí jẹ́ ti ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́dún 2006, ní oṣù Kejìlá, wọ́n sin Adam sí itẹ́ òkú kan ní gúúsù London, níṣojú àwọn ọlọ́pàá mélòó kan tó ti bá a ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ sórí ibojì rẹ̀.

Lọ́dún 2021, tó pé ogún ọdún, ọlọ́pàá London tún bẹ aráàlú pé kí ẹni tó bá mọ nǹkan sọ̀rọ̀. Kí n tó jókòó, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun kan tó ṣì ṣeé ṣe. Lára DNA tí wọ́n yọ lára ọmọ náà, oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá. Ìyá ń fún gbogbo ọmọ tó bí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń fún tiwọn. Nítorí náà kò dìgbà tí ìyá Adam bá wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó. Bó bá wà láàyè ni, á ti máa sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí; àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹbí ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ń bímọ, wọ́n sì ń lo fóònù tí wọ́n lè fi ka gbogbo ìtàn yìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé, "Èyí tí wọ́n mú lọ sí Jámánì nígbà yẹn, ibo ló wà báyìí?" tí wọn kò sì rí èsì gidi fún un, itọ́ ẹnu onítọ̀hún lásán ni ọlọ́pàá nílò.